Wákàtí Wo Ló Yẹ Áńtífáírọ́ọ̀sì? Ọjọ́ Jímọ̀ Kan Lẹ́sẹ̀ Òkè Mápó

5:09 ìdájí

Ìbàdàn kò tíì jí tán. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 2024. Ọ̀sẹ̀ kan gééré ṣáájú, ní ọjọ́ 12 oṣù náà, gbogbo ìlú ló dà sí òkè Mápó nígbà tí wọ́n ń gbé adé lé Ọba Owólabí Ọlákùléhìn lórí, Olúbàdàn kẹtàlélógójì. Bébà ìkíni kú oríire ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba. Gbọ̀ngàn Mápó fúnra rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1929, dúró sórí òkè rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ CrowdStrike, tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Austin ní Texas, fi ọ́púdéètì kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà rẹ̀ káàkiri ayé. Falcon ni orúkọ ohun tí wọ́n ń tà: ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì àti àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Báńkì, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àti ilé ìwòsàn ló ń rà á, nítorí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ́púdéètì ọjọ́ náà kò ju fáìlì kékeré kan lọ, Channel File 291. Fáìlì náà ní kí Falcon yẹ nǹkan mọ́kànlélógún wò, bẹ́ẹ̀ ogún péré ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Nígbà tí Falcon nawọ́ sí ìkọkànlélógún, ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ló kàn nínú RAM. Inú ọkàn Windows gan-an ni Falcon sì ń gbé, níbi tí Windows kì í ti í gba àṣìṣe kankan. Kọ̀ǹpútà kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ojú rẹ̀ di búlúù, ó tún ara rẹ̀ tàn, ó tún kú.

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá ní Sydney, àwọn èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ àti nídìí owó sísan ní ilé ìtajà. Àwọn ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ní oṣù Keje, aago London àti ti Ìbàdàn kì í yàtọ̀ síra, nítorí náà àwọn ará London ṣì wà lórí ibùsùn bíi tiwa.

6:27 àárọ̀

CrowdStrike fa fáìlì náà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú 78 ló lò níta. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n pa ní gbogbo àkókò yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Èyí tó wà ní títàn tó sì ti gbà á, fífà sẹ́yìn kò ran ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ mọ́, nítorí wọn kò lè wà láàyè pẹ́ tó láti gba àtúnṣe. Bí ẹ bá ka ìròyìn ọjọ́ yẹn, ẹ máa rí i pé orí àṣìṣe inú fáìlì ni gbogbo èèyàn tẹnu mọ́. Èmi ń ronú nípa àwọn tó bọ́. Wákàtí tí kọ̀ǹpútà wọn wà ní títàn tàbí ní pípa ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

8:05 àárọ̀

Ṣọ́ọ̀bù tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà kò jìnnà sí Bẹẹrẹ, lójú ọ̀nà tó gun òkè lọ sí Mápó. Yàrá kan ṣoṣo ni: kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, láàpútọ́ọ̀pù kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ẹ̀rọ fọ́tòkópì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti àga onírọ́bà fún oníbàárà. Iṣẹ́ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù onítáípù ń ṣe lágbègbè yẹn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: ìwé ìkésíni ìgbéyàwó, pósítà òkú, títẹ sílíìpù NIN jáde, wíwo èsì WAEC, àti ìwé àwọn tó ní ẹjọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ Mápó. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, pósítà ìwúyè ni wọ́n ń ṣe tọ̀sán-tòru, gbogbo fáìlì CorelDRAW rẹ̀ sì ṣì kún inú kọ̀ǹpútà náà bámúbámú.

Kọ̀ǹpútà náà, tọ̀kúnbọ̀ ni. HP tí àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù rà ní Queen's Cinema, níbi tí tilé-toko Ìbàdàn ti ń ra fóònù àti kọ̀ǹpútà. Intel Core 2 Duo ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí Intel kọ́kọ́ gbé jáde ní 2006. RAM rẹ̀ kò ju gígà méjì lọ. Háàdìdísìkì tó ń yí bírí ló ní, kì í ṣe SSD. Windows 10 ni wọ́n fi sí i. Microsoft kọ ọ́ síwèé pé gígà méjì tó fún Windows 10 oní-64-bit. Ó tó láti tàn. Kò tó fún ẹni tó fẹ́ fi jẹun.

Ọmọṣẹ́ tẹ bọ́tìnnì. Iná pupa kékeré kan wà níwájú kọ̀ǹpútà náà tó máa ń ṣẹ́jú bí háàdìdísìkì bá ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò ṣẹ́jú rárá: ó tàn gbọn-in, ó dúró bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ti wọlé láti Bẹyẹrunka, ìwé tó fi ọwọ́ kọ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ dákun, kóòtù máa jókòó laago mẹ́sàn-án."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jókòó ná, ó ń ṣí bọ̀."

Ọmọṣẹ́ tẹ Word. Àmì róbótó kékeré búlúù ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Ó tún tẹ ẹ́. Ó ń yí. Ó ti máòsì sẹ́yìn díẹ̀ lórí tábìlì, ó sì yíjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ á yọ áńtífáírọ́ọ̀sì yìí dànù o jàre. Gbogbo àárọ̀ ló ń ṣe wá báyìí."

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́," ni àǹtí fèsì. Ó wá kọjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè bá wa ṣe sí i ni?"

Wọ́n gbé láàpútọ́ọ̀pù fún iṣẹ́ Bàbá. Ó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ń gun òkè lọ pẹ̀lú ìyára tí mi ò rò pé ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

8:55 àárọ̀

Mo ní kí ọmọṣẹ́ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager pẹ́ kó tó yọjú. Lábẹ́ "Disk", ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Lábẹ́ "Memory", ó kù díẹ̀ kó kún. Lókè pátápátá ni orúkọ kan tí gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹ kó dá mọ̀: Antimalware Service Executable. Microsoft Defender nìyẹn, áńtífáírọ́ọ̀sì tó bá Windows wá. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni áńtífáírọ́ọ̀sì mìíràn wà, èyí tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó. Ọjọ́ ìdánwò ọ̀fẹ́ rẹ̀ ti parí tipẹ́, kò ṣọ́ nǹkan kan mọ́, síbẹ̀ ó ń jí ní gbogbo àárọ̀, ó ń gba ipò nínú RAM, ó sì ń bèèrè owó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àárọ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ onítáípù kò mọ̀ nìyí. Windows ní wákàtí kan tó yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, aago méjì òru ni. Ìgbà yẹn ló fẹ́ ṣàyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì, tó fẹ́ tún háàdìdísìkì tò, tó fẹ́ wá ọ́púdéètì. Ẹni tó yan aago méjì òru ń ro ọ́fíìsì tí iná rẹ̀ kì í lọ, tí ẹnikẹ́ni kì í pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ta ló ń fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní títàn ní Bẹẹrẹ láago méjì òru? Ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì, epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, oníṣọ́ọ̀bù ti sùn. Iṣẹ́ òru wá di gbèsè, àárọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń san án. Ní kété tí wọ́n bá tàn án, tí ọwọ́ sì kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò ní ààyè ti ṣí, yóò bẹ̀rẹ̀.

Ọ́púdéètì fúnra rẹ̀ wà lórí èyí. Ìgbà mélòó kan lójúmọ́ ni Microsoft ń gbé àkójọ àmì fáírọ́ọ̀sì tuntun jáde fún Defender. Kọ̀ǹpútà tó sùn láti alẹ́ àná yóò jí bá èyí tó ti kó jọ. Tí ó bá ti gbà á tán, kò tíì parí: ó ní láti kó gbogbo àkójọ náà sínú RAM lákọ̀tun. Bí RAM bá sì jẹ́ gígà méjì, kò sí àyè. Windows á wá máa kó ohun tó wà nínú RAM jáde lọ tò sórí háàdìdísìkì kó lè rí ibi gbé tuntun sí. Ẹ wá wò ó: háàdìdísìkì tí Defender ń ka fáìlì lórí rẹ̀ náà ni Windows ń da ẹrù RAM lé, òun náà ni Word fẹ́ jáde láti inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ń sáré kiri lórí rẹ̀ láti dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìró tí ẹ ń gbọ́ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ láàárọ̀, tó ń ṣe kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ láìsinmi, kì í ṣe ìró fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti sanwó fún ẹni tó wá "pa fáírọ́ọ̀sì" nítorí ìró yẹn.

10:40 àárọ̀

Ìròyìn dé Bẹẹrẹ. WhatsApp ló kọ́kọ́ gbé e dé, bó ti máa ń rí. Ohùn kan ń lọ láti fóònù sí fóònù pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ gbogbo kọ̀ǹpútà ayé, kẹ́nikẹ́ni má tan tirẹ̀ lónìí. Rédíò ṣọ́ọ̀bù kejì ń sọ ọ́ bí ó ti yẹ: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ńláńlá ní Amẹ́ríkà, Delta, United àti American, ti dá ọkọ̀ dúró, Sky News ní London kò lè gbé ètò rẹ̀ jáde láàárọ̀, àwọn dókítà àdúgbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí ìwé aláìsàn wọn ṣí. Kí aago mọ́kànlá tó lù, George Kurtz, ọ̀gá àgbà CrowdStrike, ti kọ ọ́ sórí X pé kì í ṣe ìkọlù ọlọ́ṣà, àṣìṣe inú ọ́púdéètì àwọn fúnra wọn ni, Windows nìkan ló sì kàn.

Ọmọṣẹ́ ti rí ẹ̀rí. "Àǹtí, ṣé ẹ ń gbọ́? Áńtífáírọ́ọ̀sì náà ló ṣe é. Ẹ jẹ́ á yọ ọ́."

Mo fẹ́ dá a lóhùn dáadáa, nítorí ohun tó sọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ń sọ lọ́jọ́ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí Falcon nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sì lè sí. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, ọdún 2010, McAfee fi ọ́púdéètì kan jáde, nọ́ḿbà rẹ̀ ni 5958, tó fẹ̀sùn fáírọ́ọ̀sì kan svchost.exe, fáìlì tí Windows XP kò lè wà láìsí i. Áńtífáírọ́ọ̀sì mú ọmọ ilé, ó ní olè ni. Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, ti yunifásítì àti ti ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà ń kú, wọ́n ń jí, wọ́n tún ń kú. Kurtz kan náà ni ọ̀gá ìmọ̀ ẹ̀rọ ní McAfee nígbà yẹn.

Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ohun tó sọ àṣìṣe kékeré di àjálù ni pé gbogbo èèyàn gba ọ́púdéètì náà lẹ́ẹ̀kan náà, ní wákàtí tí ẹlòmíràn yàn fún wọn. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà díẹ̀ dán an wò kó tó kárí. CrowdStrike gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà: wọ́n ní àwọn yóò máa fi ọ́púdéètì jáde díẹ̀díẹ̀, àwọn yóò sì jẹ́ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ yan ìgbà àti ibi tí yóò ti gbà á. Ohun tí Delta nílò kò yàtọ̀ sí ohun tí àǹtí yìí nílò. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló yẹ kó ni wákàtí.

12:20 ọ̀sán

Wọ́n mú iná lọ. UPS ké. Ọmọṣẹ́ sáré pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ, ó jáde lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ẹ má fojú kéré UPS o: kọ̀ǹpútà tí iná lọ mọ́ lójijì nígbà tó ń kọ ọ́púdéètì sórí háàdìdísìkì lè jí pẹ̀lú Windows tí kò pé mọ́, ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí á sì ní áńtífáírọ́ọ̀sì ló bà á jẹ́.

Kò pẹ́ tí ohun gbogbo tún tàn ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọlé, ó fẹ́ tẹ orí kẹta ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde. Ó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Gbogbo fódà inú rẹ̀ ló ti di "shortcut", ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọfà kékeré lápá òsì. Kí ọmọṣẹ́ tó tẹ ọ̀kan, àpótí dúdú kan yọ ní igun ojú kọ̀ǹpútà: Defender ti rí i, ó ti mú un. Fáìlì ọmọ náà kò sọnù. Fáírọ́ọ̀sì yẹn máa ń fi fáìlì gidi pamọ́ ni, á wá to ayédèrú síwájú. A ní kí Windows fi ohun tó pamọ́ hàn, orí kẹta sì yọjú.

Ọmọṣẹ́ kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo sọ fún un pé bí a bá ti yọ áńtífáírọ́ọ̀sì láàárọ̀, fíláàṣì gbogbo oníbàárà ọ̀sán yẹn ni ìbá ti gbé fáírọ́ọ̀sì náà lọ sílé, lọ sí yunifásítì, lọ sí ọ́fíìsì. Báyìí gan-an ni fáírọ́ọ̀sì Conficker ṣe tàn káàkiri láti ọdún 2008: ó ń gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì ń gun fíláàṣì. Ọdún 2011 ni Microsoft tó fi ọ́púdéètì ránṣẹ́ sí Windows àtijọ́ pé kó má máa ṣí ohun inú fíláàṣì fúnra rẹ̀ mọ́. Ọ́púdéètì ló gba ọ̀pọ̀ èèyàn là nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù onítáípù ni oríta ibi tí fíláàṣì gbogbo ìlú ti ń pàdé, òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí yóò yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

1:10 ọ̀sán

Àkókò ìrun Jímọ̀. Ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó lọ sí mọ́ṣáláṣí gbogbogbò ní Ọjà'ba, aṣọ funfun kún títì, ọkọ̀ kò sì lè rìn mọ́. Oníbàárà kankan kò ní wọlé fún bíi wákàtí kan. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nítorí ẹ̀rọ fọ́tòkópì. Mo ní kí àǹtí jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, nítorí ohun tí a bá ṣe fún ènìyàn kì í pẹ́ bí èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ó ṣí Control Panel, ó wọ Security and Maintenance, ó na abala Maintenance, ó sì tẹ Change maintenance settings. Aago méjì òru ló wà níbẹ̀, bí mo ti sọ. Ó yí i padà sí aago kan ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ló ṣí Task Scheduler, ó wọ Microsoft, ó wọ Windows, ó wọ Windows Defender, ó rí Windows Defender Scheduled Scan. A fún un ní ọjọ́ àti wákàtí tirẹ̀: Jímọ̀, 1:15 ọ̀sán. Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọjọ́ mìíràn dára jù, ó ní rárá, Jímọ̀ nìkan ni ọjọ́ tó dá òun lójú pé ṣọ́ọ̀bù yóò dá. Ẹni tó kọ Windows kò lè mọ ìyẹn láé. Òun ló mọ̀ ọ́n.

Ti ọ́púdéètì, ohun tí a fẹnu kò sí rọrùn. Kí ọmọṣẹ́ máa dé ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú oníbàárà, kó tan kọ̀ǹpútà, kó wọ Windows Security, Virus & threat protection, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ Check for updates. Kó má ṣí ohun mìíràn títí yóò fi parí. Ọ́púdéètì tí a fọwọ́ ara wa pè kì í bá wa lójijì.

2:45 ọ̀sán

Ìyókù ọ̀sán lọ sórí nǹkan kéékèèké. Áńtífáírọ́ọ̀sì kejì, èyí tó ti kú tí kò sì gbà láti lọ, la kọ́kọ́ yọ. Áńtífáírọ́ọ̀sì méjì nínú kọ̀ǹpútà kan kì í ṣe ààbò ìlọ́po méjì: fáìlì kan náà ni àwọn méjèèjì máa fẹ́ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà, ìyà rẹ̀ á sì jẹ háàdìdísìkì. Lẹ́yìn tí a yọ ọ́ tán tí kọ̀ǹpútà tún jí, iná pupa yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Àǹtí ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ wò ó, ó ń mí," ló wí.

Lẹ́yìn èyí ni a ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí Administrator, a sì tẹ ìlà kan: Set-MpPreference -ScanAvgCPULoadFactor 20. Bí wọ́n ṣe ń gbé Defender jáde, ó lè lo tó ìdajì agbára CPU nígbà àyẹ̀wò. A ní kó má kọjá bí ìdá kan nínú márùn-ún. Àyẹ̀wò á pẹ́ sí i, ṣùgbọ́n èèyàn á lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ má fi òdo sí i o, nítorí òdo túmọ̀ sí pé kí ó máa lo bó ṣe wù ú.

Ẹnìkan tó wá ṣe fọ́tòkópì dá sí i pé òun gbọ́ pé bí èèyàn bá fi gbogbo "Drive C" sínú Exclusions, kọ̀ǹpútà á yá bí àrá. Òótọ́ ni pé á yá. Ẹ̀ṣọ́ tí ẹ ní kó má wo inú ilé kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́. Fódà Downloads àti fíláàṣì ni ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀ láé.

Àwọn fáìlì pósítà ìwúyè, àǹtí kó wọn sórí háàdìdísìkì ìta, ó sì fi èyí tó ṣì nílò sílẹ̀. Fáìlì tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà, Defender kò ní kà á. Ti dátà náà wà níbẹ̀: hotspot fóònù ni ṣọ́ọ̀bù ń lò, kọ̀ǹpútà méjèèjì sì ń fa ọ́púdéètì kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Microsoft ní fáìlì kan, mpam-fe.exe, tó kó gbogbo àmì fáírọ́ọ̀sì Defender sójú kan. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́gà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó gbà á. Ẹ ó wá fi fíláàṣì gbé e lọ sórí èkejì. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ mú èyí tó bá Windows yín mu, 32-bit tàbí 64-bit.

Mo sọ òótọ́ fún àǹtí kí n tó dìde. Gbogbo èyí yóò dín ìdúró àárọ̀ kù, kò ní mú un kúrò pátápátá níwọ̀n ìgbà tí RAM bá ṣì jẹ́ gígà méjì tí háàdìdísìkì sì ń yí bírí. Bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, kó ra SSD kékeré. Kò ní abẹ́rẹ́ tó ń sáré kiri, ó sì bá ihò SATA inú HP àtijọ́ yẹn mu. RAM ló kàn lẹ́yìn rẹ̀, kó sì mú ẹyọ kan dání lọ sí Queen's Cinema kí wọ́n má baà ta èyí tí kò bá a mu fún un.

5:30 ìrọ̀lẹ́

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀sán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń rìn láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ: wọ́n ń tan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Safe Mode, wọ́n ń wọ fódà CrowdStrike, wọ́n ń fọwọ́ pa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291. Èyí tí wọ́n ti fi BitLocker tì, wọ́n ní láti wá kọ́kọ́rọ́ gígùn rẹ̀ kí wọ́n tó lè wọlé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò sí ibi tí wọ́n ti lè ṣe é láti òkèèrè fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n fagilé ní ọjọ́ kan yẹn lé ní 5,000 káàkiri ayé. Delta nìkan fagilé nǹkan bí 7,000 kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Lọ́jọ́ kejì ni Microsoft kéde pé kọ̀ǹpútà tó kàn jẹ́ mílíọ̀nù 8.5, kò sì tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows.

7:15 alẹ́

Ọmọṣẹ́ pa kọ̀ǹpútà, ó dúró kí iná rẹ̀ kú kó tó pa jẹnẹrétọ̀. Mo bèèrè ohun tó máa ṣe láàárọ̀ Sátidé. Ó kà á fún mi láìgbàgbé ọ̀kan.

Láti ìgbà náà, Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ṣùgbọ́n wọ́n ní Defender orí rẹ̀ yóò ṣì máa gba àmì fáírọ́ọ̀sì tuntun títí di oṣù Kẹwàá 2028, ó kéré tán. Ọ́púdéètì yìí kò tíì ní dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ jẹun ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba àti níbikíbi, ẹ má yọ áńtífáírọ́ọ̀sì yín. Ẹ ṣí Control Panel lónìí, kí ẹ yí aago méjì òru yẹn padà sí wákàtí tí ṣọ́ọ̀bù yín ní iná tí kò sì ní èrò.